Kàbà Kíjìpá Ìyá Ọdẹ́jídé

Ẹni tó bá fara pamọ́ fún aránṣọ, ẹ̀wù ni yóò tú àṣírí rẹ̀ lójú agbo. Àwọn àgbà Àkòdì-Ọ̀pẹ kì í jẹ́ kí oṣù kan kọjá kí wọ́n má pa òwe yìí. Àwa ọmọ wọn náà ti gbà á lẹ́nu wọn, a ń pa á kiri, a sì ń mi orí bí ẹni pé ọgbọ́n wa ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: aránṣọ wo? Ẹ̀wù ta ni? Agbo wo ló dúró wò ó? Ẹni tó ń jẹ iṣu, ó yẹ kó rántí pé ẹnì kan ló kọ ebè. Bí ẹ kò bá mọ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa. Kò gùn, kò sì jìnnà.

Aránṣọ náà ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ìlú ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta gbáko, nígbà tó sì wá sílé ọkọ ní Àkòdì-Ọ̀pẹ, ẹ̀rọ ìránṣọ kan, irú èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, ló gbé sórí ju ẹrù ìyàwó yòókù lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbé e kalẹ̀ sí. Láyé ìgbà náà, òwú lásán ni aránṣọ fi ń wọn ènìyàn. Bí obìnrin bá wá, Àwẹ̀ró yóò na òwú yí ọrùn rẹ̀, yóò ta kókó kan. Yóò nà án yí àyà, yóò ta kókó kejì. Yóò nà án yí ikùn, yóò ta ẹ̀kẹta, lẹ́yìn náà yóò jẹ́ kí òwú balẹ̀ láti èjìká dé ọrùn ẹsẹ̀, yóò sì gé e níbẹ̀. Òwú kan, ènìyàn kan. Orí ìṣó lára ògiri ló ń so wọ́n kọ́, ó sì mọ ti oníkálukú bí abiyamọ ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀ láàárín ẹkún ogún ọmọ. Àwọn aláwàdà a máa ní gbogbo obìnrin ìlú ló so rọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àwẹ̀ró.

Kàbà ló ń rán, irú kàbà àtijọ́ tí kò ní wàhálà nínú. Yóò ká aṣọ sí méjì, yóò gbẹ́ ọrùn sí i lókè, yóò fi àyè apá sílẹ̀, yóò rán ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, yóò rán ẹ̀gbẹ́ òsì, ó parí nìyẹn. Bí ẹ bá rí aránṣọ tí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ fún ní ẹ̀fọ́rí, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti abẹ́rẹ́.

Ní ọjọ́ kan ni Ìyá Ọdẹ́jídé, láti agbo ilé Alápó, gbé aṣọ wá. Obìnrin ńlá ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa ta létí ọjà, kíjìpá ọwọ́ rẹ̀ sì ni gbogbo ìlú ń rà. Òun fúnra rẹ̀ ló hun èyí tó gbé wá yìí, dúdú tó ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́, ó le bí awọ, kò sì sí èyí tó kù nílé mọ́.

Ó ní, "Àwẹ̀ró, Ọdẹ́jídé ọmọ mi ń gbé ìyàwó ní ìtàdógún òní. Èmi ni màá dúró lẹ́nu ọ̀nà gba ìyàwó. Kàbà ni kí o fi èyí rán fún mi."

"Ẹ kú oríire, Ìyá Ọdẹ́jídé. Ẹ bọ́ síwájú díẹ̀ kí n wọ̀n yín."

"Ìwọ̀n wo? Òwú mi kọ́ ló so rọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ yẹn?"

"Òun ni. Ṣùgbọ́n ọdún méjì ló ti wà níbẹ̀, Ìyá Ọdẹ́jídé."

"Ṣé òwú máa ń hu ewú ni? Bí mo ṣe wà nígbà yẹn náà ni mo wà. Òun ni kí o tẹ̀ lé. Jẹ́ kó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ o, n ò fẹ́ kí ìyàwó ọmọ mi rò pé àpò gààrí ló wá pàdé òun lẹ́nu ọ̀nà."

Ó wá fi ọ̀rọ̀ kan tì í lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà ló sì mú kí Àwẹ̀ró gbà láìjiyàn mọ́. Ó ní obìnrin mẹ́rìndínlógún ló wà ní agbo ilé Alápó, gbogbo wọn ló sì fẹ́ rán aṣọ ọdún iṣu tuntun. Kàbà yìí ni wọ́n máa wò. Bí ó bá dára, wọ́n á kó aṣọ wọn wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àwẹ̀ró. Bí kò bá dára, Lámídì aránṣọ wà ní ìsàlẹ̀ ọjà, òun náà ní ẹ̀rọ. Àwẹ̀ró sì mọ̀ pé ní ìlú kékeré bíi tiwọn, aránṣọ tí ilé Alápó bá kọ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ di ibùsùn adìyẹ nìyẹn.

Ó tẹ̀ lé òwú. Kókó kọ̀ọ̀kan ló wò lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ. Ọjọ́ kẹta, ó rán an tán, ó fi ránṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ọdẹ́jídé ti gbé aṣọ dé.

"Ó fún mi lọ́rùn ni àbí ó fún mi nínú, mi ò tilẹ̀ mọ èyí tí màá sọ. Ta ló rán ọ pé kí o gé e kéré?"

Àwẹ̀ró tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó na òwú lé e. Kókó àyà bá àyà, kókó ikùn bá ikùn. Ó ní, "Ìyá, ẹ wò ó fúnra yín. Bóyá kí n kúkú wọ̀n yín lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ìyá Ọdẹ́jídé sún sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n na ejò sí. "Mo ní bí mo ṣe wà ni mo wà. Tú u, kí o tún un rán."

Àwẹ̀ró tú u. Ó máa ń ṣẹ́ etí aṣọ sínú ní ìwọ̀n ìka méjì, nítorí náà ó tú ìka kan sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì tún un rán. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, aṣọ padà dé. Ó tún fún. Àwẹ̀ró tú ìdajì ìka tó kù sílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, aṣọ padà dé. Ó tún fún. Wàyí o, etí aṣọ tó kù kò ju ibi tí abẹ́rẹ́ lè dì mú lọ. Ó ní kí òun fi abala aṣọ mìíràn kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, Ìyá Ọdẹ́jídé ní òun kò fi aṣọ alábùlẹ̀ gba ìyàwó.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rí, ẹ mọ ohun tó ń ṣe Àwẹ̀ró. Ẹni tó bá jẹ̀bi, ó kéré tán ó mọ ohun tó ń jìyà fún. Àwẹ̀ró kò mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí òwú. Ó fi omi ra á, ó sá a sóòrùn, ó wọ̀n ọ́n wò bóyá ó ń súnkì. Kò súnkì. Ó fura sí ewúrẹ́ ilé pé ó ti jẹ ẹnu rẹ̀. Ewúrẹ́ kò jẹ ẹ́. Ó fura sí ojú ara rẹ̀, ó bá pe ìyá ọkọ rẹ̀ pé kó wá bá òun wo kókó. Ìyẹn wò ó, ó ní, "Kókó ni mo rí. Kí ni kí n tún rí?" Nígbà tó wá di pé ó ń sọ̀rọ̀ sí aṣọ nìkan lọ́dẹ̀dẹ̀, ọkọ rẹ̀ rọra gbé àga rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Wọ́n kúkú ti ń sọ ọ́ lọ́jà. Ìyá Ọdẹ́jídé kò bá a fà á ní bòókẹ́lẹ́, ìsọ̀ kíjìpá rẹ̀ ló ti ń ròyìn pé ọwọ́ aránṣọ yìí kò tíì jinná. Lámídì alára gba iwájú ilé kọjá, ó dúró, ó gbọ́wọ́ sẹ́yìn.

"Ìyàwó, mo gbọ́ pé aṣọ kan ṣoṣo lo fẹ́ máa rán títí ọdún yóò fi dé. Bí ó bá ti rẹ̀ ọ́, ọ̀dọ̀ mi kò jìnnà."

"Ẹ ṣé, bàbá," ni Àwẹ̀ró wí, ó sì yí ẹ̀rọ náà tagbára-tagbára tó fi jẹ́ pé òwú já.

Nígbà tó ku ọ̀la, Ìyá Ọdẹ́jídé ní kí wọ́n gba kàbà náà wá bí ó ṣe wà. Ọjọ́ ìyàwó pé. Oòrùn ti rọlẹ̀ sí ẹ̀yìn igi ọ̀pẹ nígbà tí wọ́n wá pe Àwẹ̀ró ní wéréwéré pé Ìyá Ọdẹ́jídé ń fẹ́ ẹ ní yàrá, kó mú abẹ́rẹ́ dání. Ó bá a nínú yàrá tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kàbà lọ́rùn, ẹ̀gbẹ́ òsì ṣí sílẹ̀ gbayawu láti abíyá dé ìbàdí. Kò lè wọ̀ ọ́ ni, ó bá tú ojú ìrán náà fúnra rẹ̀ kó tó rí ara kó sínú rẹ̀.

"Rán an pa fún mi báyìí," ni Ìyá Ọdẹ́jídé wí.

"Mọ́ yín lára? Ìyá, òkú ni wọ́n ń rán aṣọ mọ́ lára."

"Mo mọ̀. Mo ti mú igbálẹ̀."

Ní Àkòdì-Ọ̀pẹ, wọn kì í rán aṣọ mọ́ alààyè lára. Bí ó bá wá di kàráǹgídá, alààyè náà gbọ́dọ̀ fi eyín há ẹyọ igbálẹ̀ kan, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí aránṣọ yóò fi já òwú, kí ikú lè mọ̀ pé òun kọ́ ni wọ́n ń múra fún. Ìyá Ọdẹ́jídé há igbálẹ̀ sí eyín, ó gbé apá sókè, ó dákẹ́. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ tì í, ó fi òwú sí abẹ́rẹ́. Bí ó ṣe rí ẹnu náà tó dákẹ́ báyìí, tí kò sì lè dá a lóhùn, gbogbo ohun tó ti wà ní ikùn rẹ̀ láti ọjọ́ tí aṣọ ti kọ́kọ́ padà dé bọ́ sílẹ̀.

"Ìyá Ọdẹ́jídé, kí ni mo fi ṣe yín gan-an? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tú aṣọ yìí. Mo fi omi ra òwú, mo fi ẹ̀sùn kan ewúrẹ́ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ ò jẹ́ kí n wọ̀n yín, ẹ ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn yín, ẹ wá lọ jókòó sọ́jà ẹ ní ọwọ́ mi ò jinná. Kí lẹ fi pamọ́ síbẹ̀? Ṣé ìdodo yín ni mo fẹ́ jí gbé ni?"

Ibi tó bá a dé nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ fi gba ìhà sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ikùn. Ó kan ọ̀já. Ọ̀já ni Ìyá Ọdẹ́jídé fi di ikùn rẹ̀ pinpin, yípo mẹ́ta. Kí Àwẹ̀ró tó ronú kan ohun tí ènìyàn ń fi ọ̀já ṣe lábẹ́ kàbà, nǹkan kan láti inú lọ́hùn-ún ta á ní ìka.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbé ojú sókè. Ìyá Ọdẹ́jídé ń wo àjà.

"Oṣù mélòó?" ni Àwẹ̀ró béèrè.

Ìyá Ọdẹ́jídé kò lè sọ̀rọ̀. Ó na ìka mẹ́rin. Àwẹ̀ró ò gbé ojú kúrò lára rẹ̀, Ìyá Ọdẹ́jídé bá rọra na àtàǹpàkò náà kún un.

Ọ̀rọ̀ náà wá yé Àwẹ̀ró kedere. Ní ìlú yìí, obìnrin tí ọmọ rẹ̀ bá ti ń gbé ìyàwó a máa ṣíwọ́ ọmọ bíbí, a fi í sílẹ̀ fún ìyàwó tó ń bọ̀. Èyí tó bá lóyún lọ́dún tí ìyàwó wọlé, òun ni wọn yóò máa fi kọrin lódò. Ìyá Ọdẹ́jídé ti pé ọdún mẹ́tàlélógójì, ó sì ti rò pé òun ti bí àbígbẹ̀yìn.

"Ẹ jẹ́ kí n já a," ni Àwẹ̀ró wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀. "Ẹ wọ bùbá, kí ẹ ró ìró gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lé e."

Ìyá Ọdẹ́jídé mi orí. Wọ́n ti ń gbọ́ orin àwọn tó sin ìyàwó wá, wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà agbo ilé. Ó mú ọwọ́ Àwẹ̀ró, ó fi lé ẹnu Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ sì kún fún omi.

"N ò ní sọ," ni Àwẹ̀ró wí, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù ẹlẹ́rù lé lórí. Ó rán an dé ìsàlẹ̀, ó fi eyín já òwú.

Ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ bò ó lójú. Ìyá ọkọ ló gbọ́dọ̀ fi omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó tẹ ilé. Kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀, nítorí ìyá ọkọ kì í kúnlẹ̀ fún ìyàwó. Kò gbọdọ̀ lóṣòó, nítorí ẹni tó lóṣòó kò tíì gbàlejò. Ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, kó fi ọwọ́ méjèèjì da omi. Ìyá Ọdẹ́jídé gba igbá omi lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, àgbà gbogbo obìnrin ilé Alápó, tó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Ó wẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún, Ọlọ́run bá a ṣe é. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ẹsẹ̀ òsì. Kíjìpá kì í ya, òwú ló máa ń já. Ojú ìrán bẹ̀rẹ̀ láti abíyá, ó sì ń já lọ sísàlẹ̀, pàràrà, bí ẹni ń ya ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, títí ó fi dé ìbàdí.

Orin dá. Àwọn obìnrin ilé Alápó kò wo Ìyá Ọdẹ́jídé rárá, Àwẹ̀ró ni wọ́n yíjú sí.

"Ṣé ẹ rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀?"

"Ọpẹ́ ni pé n kò tíì gbé tèmi lọ."

"Ọ̀dọ̀ Lámídì ni tèmi ń gbà lọ lọ́la."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu Àwẹ̀ró, ọ̀rọ̀ náà ì bá sì gba orúkọ rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Inú ń bí i débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ó tú ìpèlé rẹ̀, ó bọ́ síwájú, ó fi wé Ìyá Ọdẹ́jídé láti àyà dé orúnkún. "Ẹ má bínú," ó ní. "Òwú náà ni kò dára."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín díẹ̀ látorí àpótí rẹ̀.

"Òwú kọ́," ó ní. "Ẹ fi aránṣọ sílẹ̀. Ẹ̀yin dúró, èmi jókòó, ojú mi wà níbi tí tiyín ò dé. Ẹni tó wà nínú ibẹ̀ yẹn ti kí mi kú ìjókòó. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ ilé: ẹni tó bá fara pamọ́ fún aránṣọ, ẹ̀wù ni yóò tú àṣírí rẹ̀ lójú agbo."

Ìyá Ọdẹ́jídé dúró pẹ̀lú igbá lọ́wọ́, omi ń kán sílẹ̀. Ó wo Àwẹ̀ró, ó sì tú ìpèlé náà, ó dá a padà fún un.

"Òótọ́ ni ìyá sọ," ó ní. "Òwú ọmọ yìí tọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì jinná. Mo ti mọ̀ nígbà tí mo gbé aṣọ lọ, n ò jẹ́ kó wọ̀n mí. Ojú ló ń tì mí. N ò fẹ́ kí ẹ sọ pé mò ń bá ìyàwó ọmọ mi du ìkòkò àgbo aboyún."

Ìyàwó tuntun kì í sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn gbọ́ ohùn kékeré kan láti abẹ́ aṣọ ìbojú, ẹsẹ̀ kan tútù, ẹsẹ̀ kan gbẹ.

"Ìyá mi, ìkòkò náà á gbà wá."

Ẹ̀rín náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbọ́ ọ dé ìsàlẹ̀ ọjà. Bàbá Ọdẹ́jídé nìkan ni wọn kò rí, ó ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ wo ìdẹ tí kò dẹ.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin mẹ́rìndínlógún náà kó aṣọ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àwẹ̀ró. Ẹ rò pé ó sinmi? Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà ti wọ̀ wọ́n lára jù. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí aṣọ tú òun fó. Èyí tó wọlé ń sọ ti ìdodo rẹ̀ tó yọ, èyí tó tẹ̀ lé e ń ṣí eéwo itan han aránṣọ, ẹ̀kẹta ní kí ó mọ̀ pé apá òsì ń dun òun láti ìgbà tí òun ti bí ọmọ kejì. Àwẹ̀ró fi abẹ́rẹ́ gún ìtẹ́lẹ̀ ẹ̀rọ, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá mi," ó ní, "ẹ jọ̀wọ́, kàbà ni mo ń rán."

Láti ìgbà náà ni òwe yìí ti wà. Àwọn àgbà kì í fi bú ẹni tó ní àṣírí, nítorí kò sí ikùn tí kò ní ohun tó bò. Ẹni tó lọ bẹ ènìyàn lọ́wẹ̀, tó sì ń fi ìdí ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹni tó bẹ̀, ni wọ́n ń pa á fún: aláìsàn tó ń purọ́ fún oníṣègùn, ẹlẹ́jọ́ tó ń gé ọ̀rọ̀ jẹ níwájú ẹni tó fẹ́ bá a rò ó, ọmọ tó ní kí bàbá òun gba òun sílẹ̀ tí kò sọ ohun tó ṣe. Bí ó bá wá bà jẹ́ tán, tó sì ń dá ẹni tó ràn án lọ́wọ́ lẹ́bi, wọn yóò jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán, wọn yóò sì sọ fún un wọ́ọ́rọ́wọ́ pé: ẹni tó bá fara pamọ́ fún aránṣọ, ẹ̀wù ni yóò tú àṣírí rẹ̀ lójú agbo.